Bí mo ṣe tún ṣéènì àti búréèkì Honda C70 bàbá mi ṣe

Ó lé lọ́dún mẹ́wàá tí alùpùpù yìí fi wà ní igun ilé. Nígbà tí mo tá a, ẹ́ńjìnnì dáhùn, àmọ́ ṣéènì ń lu páànù ìbòrí rẹ̀, búréèkì ẹ̀yìn ò sì mú. Mẹkáníìkì kan ní kí n ra ṣéènì tuntun. Mi ò rà á.

Mo yọ rọ́bà kékeré tó dí ihò ara páànù náà, mo ti ìka bọ̀ ọ́: ṣéènì ń jù sókè sódò tó mìlímítà 40. 10 sí 20 ló yẹ. Mo tú nọ́ọ̀tì ọ̀pá àárín táyà ẹ̀yìn, mo fa táyà sẹ́yìn kí ṣéènì lè le, kò mira. Wákàtí kan gbáko ni mo fi bá a jà kí n tó rí i pé nọ́ọ̀tì ńlá kejì wà lápá ṣéènì! Bí mo ṣe tú u báyìí, ó sún.

Mo kúkú yọ táyà wo búréèkì. Brake shoe, ìyẹn ohun tó ń fẹ̀ nínú họ́ọ̀bù láti dá táyà dúró, ò tíì jẹ tán, ó kàn ń dán bí awo ni, ìdí nìyẹn tí ò fi mú. Mo fi aṣọ tútù nu eruku rẹ̀. Ẹ má fẹnu fẹ́ ẹ o, ti àtijọ́ lè ní asbestos, èròjà tí eruku rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Mo fi sánpépà họ ojú rẹ̀.

Mo dá táyà padà, mo fa ọ̀tún àti òsì ọ̀pá rẹ̀ sẹ́yìn lọ́gbọọgba, mo ń wo àmì ara wọn. Nọ́ọ̀tì búréèkì ni mo yí kẹ́yìn, torí bí táyà bá sún sẹ́yìn, búréèkì á le sí i.

Nírọ̀lẹ́ àná, mo gùn ún sọ̀kalẹ̀ Òkè Mọ́kọ́lá. Ibi tí mo ní kó dúró ló dúró.