Ìwé Pásítọ̀ Tí Kò Ní Òǹtẹ̀: Ọ̀sẹ̀ Mi Àkọ́kọ́ ní Kọ́lẹ́ẹ̀jì Kristẹni ní Àjàṣẹ́

Owó tí mo mú kúrò ní Kétu pé kí n máa fi gbọ́ bùkátà títí di ìsinmi Kérésìmesì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán kí ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ mi ní kọ́lẹ́ẹ̀jì tó parí, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe pé mo ná an ní ìnákúnàá. Ìwé kan ṣoṣo ló jẹ ẹ́. Bí ẹni tó to orúkọ àwọn ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ tuntun gbọ́dọ̀ mú wá bá ti fi gbólóhùn kékeré kan kún ìlà kan ṣoṣo, n kì bá tí ná owó náà, n kì bá sì tí máa sùn lẹ́yìn odi ọgbà tí mo ti san owó ibùsùn ibẹ̀ pé. Ọ̀rọ̀ náà ṣì ń dùn mí. Mo ń kọ ọ́ sílẹ̀ nítorí àwọn àbúrò wa ní Kétu, ní Sábẹ̀ àti ní Pobè tí wọ́n fẹ́ wá kàwé ní ilé-ẹ̀kọ́ Kristẹni ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ní ilẹ̀ Benin wa níbí, kí ohun tó ṣe mí má bàa ṣe wọ́n.

Ìrìn àjò láti Kétu gba Pobè àti Sakété dé Àjàṣẹ́ jẹ́ nǹkan bí 100 kìlómítà, kò sì sí wàhálà kankan nínú rẹ̀. Ní ti ìforúkọsílẹ̀, fọ́tò, àyẹ̀wò dókítà, ìwé-ẹ̀rí BAC (ti ìdánwò àṣejáde ilé-ẹ̀kọ́ girama) àti ìwé ọjọ́-ìbí, ẹni tó bá ti ṣe ìdánwò BAC rí ti mọ bí a ṣe ń ṣe gbogbo ìyẹn, n kò ní fi í gba àkókò ẹnikẹ́ni. Ohun kan péré ni mo fẹ́ sọ nípa ẹrù: ẹ má ṣe di tìmùtìmù sórí ọkọ̀ láti ilé. Awakọ̀ gba owó ọ̀tọ̀ lọ́wọ́ mi lórí tèmi, òjò sì tún pa á kí a tó kúrò ní Sakété, nígbà tó jẹ́ pé irú rẹ̀ gan-an kún ọjà Wando ní Àjàṣẹ́, tí bọ́kẹ́ẹ̀tì àti àwọ̀n ẹ̀fọn náà sì wà níbẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà ni ìwé pásítọ̀. Nínú àkọsílẹ̀ tí kọ́lẹ́ẹ̀jì fi ránṣẹ́, ohun tí wọ́n kọ kò ju èyí lọ: ìwé ìjẹ́rìí láti ọ̀dọ̀ pásítọ̀ ìjọ rẹ. Mo mú un lọ́kùn-únkúndùn. Pásítọ̀ wa fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́, ojú ewé méjì gbáko, ó sọ ọdún tí òun rì mí bọmi, ó sọ pé mo ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi àti pé èmi ni mo ń lu ìlù fún ẹgbẹ́ akọrin, ó bu ọwọ́ lù ú, ó sì kọ nọ́ńbà fóònù rẹ̀ sísàlẹ̀ kí ẹni tó bá fẹ́ béèrè lè pè é. N kò tíì rí ìwé ìjẹ́rìí tó dára tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo ń tò sórí ìlà níwájú ọ́fíìsì, ìwé yẹn ni mo fi sókè pátápátá láàárín àwọn ìwé tí mo dì mọ́ àyà.

Ìyá tó jókòó sídìí àkọsílẹ̀ náà gba gbogbo ìwé mi, ó ń fi bírò sàmì sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, àfi ìgbà tó kan ti pásítọ̀. Ó kà á, ó yí i sẹ́yìn, ó gbé e sókè sí ojú fèrèsé kí ìmọ́lẹ̀ lè là á kọjá, ó sì fi àtàǹpàkò ra ibi tí pásítọ̀ bu ọwọ́ lù.

“Ọmọ mi, òǹtẹ̀ dà?”

“Òǹtẹ̀ wo ni, Mà?”

“Òǹtẹ̀ ìjọ. Ìwé tí kò bá ní òǹtẹ̀, ta ló mọ ẹni tó kọ ọ́?”

Mo ní kí wọ́n jọ̀wọ́ pe nọ́ńbà tó wà nísàlẹ̀. Wọ́n ní àwọn kì í fi fóònù gba ẹ̀rí. Mo fi àkọsílẹ̀ tí àwọn fúnra wọn tẹ̀ hàn wọ́n pé kò sí òǹtẹ̀ nínú rẹ̀, wọ́n sì dá mi lóhùn pé gbogbo ènìyàn ló mọ̀ pé ìwé ìjọ máa ń ní òǹtẹ̀. Mo yí ojú padà wo àwọn tó wà lẹ́yìn mi lórí ìlà, mo sì rí i pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ti ń yọ ìwé tiwọn wò. Ọmọ Sábẹ̀ kan wà níbẹ̀ tí tirẹ̀ kò ní òǹtẹ̀, obìnrin kan láti Pobè náà sì wà tí ó jẹ́ pé akọ̀wé ìjọ ló bá a kọ tirẹ̀. Gbogbo wa kọ́ ni gbogbo ènìyàn tí ìyá yẹn ń sọ.

Kì bá tí burú bí ó bá jẹ́ pé ìwé náà nìkan ni wọ́n dá dúró, ṣùgbọ́n ètò wọn so mọ́ ara wọn ni. Ẹni tí ìwé rẹ̀ kò bá pé kò lè gba kọ́kọ́rọ́ yàrá, ẹni tí kò bá sì ní yàrá kò lè gba káàdì oúnjẹ, nítorí nọ́ńbà yàrá ni wọ́n máa ń kọ sára káàdì náà. Mo ti san owó ibùsùn. Mo ti san owó oúnjẹ sáà kìíní. Rìsíìtì méjèèjì wà lọ́wọ́ mi, wọ́n sì ní òǹtẹ̀ tiwọn rekete. Síbẹ̀, nígbà tí agogo oúnjẹ alẹ́ lù, èmi ni mo ń gbé àpò mi jáde lẹ́nu géètì, tí mo ń wá zémíjàn, ìyẹn ọ̀kadà, tí yóò gbé mi lọ sọ́dọ̀ Tàǹtí mi ní Tokpota.

Tàǹtí gbà mí tọwọ́tẹsẹ̀, Ọlọ́run yóò san án fún wọn. Ṣùgbọ́n ilé wọn jìnnà sí ọgbà, bẹ́ẹ̀ sì ni ìsìn òwúrọ̀ kọ́lẹ́ẹ̀jì máa ń bẹ̀rẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, wọn a sì máa pe orúkọ. Zémíjàn gba 300 sẹ́fà lọ́wọ́ mi láàárọ̀, ó tún gba bẹ́ẹ̀ nírọ̀lẹ́, bí òjò bá sì rọ̀, owó náà á lé. Lọ́sàn-án, bí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi bá wọ ilé oúnjẹ lọ, èmi á lọ ra ìrẹsì àti ẹ̀wà lẹ́nu ọ̀nà. Owó tí mo ti san fún oúnjẹ wà nínú àpò wọn, mo sì tún ń san òmíràn fún olóúnjẹ ìta. Ohun tó mú inú bí mi jù nìyẹn, kì í ṣe àìrí ibi sùn.

Ẹ lè béèrè pé kí ló dé tí n kò kàn ránṣẹ́ sí Kétu kí wọ́n tẹ òǹtẹ̀ mọ́ ìwé mìíràn. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́ yẹn gan-an. Àmọ́ láàárín ìgbà tí pásítọ̀ kọ ìwé fún mi àti ìgbà tí mo dé Àjàṣẹ́, àwọn aṣáájú ìjọ ti ṣí i nípò lọ sí ìlú mìíràn. Ọwọ́ rẹ̀ ló bu lu ìwé, ṣùgbọ́n òǹtẹ̀ kì í bá pásítọ̀ lọ. Ìjọ ló ni ín, ó sì ti wà nínú àpótí lọ́dọ̀ pásítọ̀ tuntun. Pásítọ̀ tuntun náà sọ lórí fóònù, pẹ̀lú ìwà pẹ̀lẹ́, pé òun kò lè jẹ́rìí ẹni tí òun kò rí rí. Mo gbà pé òótọ́ ni wọ́n sọ. Pásítọ̀ àtijọ́ mọ̀ mí, kò ní òǹtẹ̀. Pásítọ̀ tuntun ní òǹtẹ̀, kò mọ̀ mí. Èmi sì wà láàárín àwọn méjèèjì láìní ibùsùn.

Bàbá ìjọ wa, àgbàlagbà tí ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, ló tú u. Wọ́n ní kí n fi ọkàn balẹ̀, wọ́n sì lọ bá pásítọ̀ tuntun pẹ̀lú ìwé ìrìbọmi ìjọ, wọ́n ṣí i sí ọdún tí orúkọ mi wà, wọ́n fi ìwé àwọn olùkọ́ ọjọ́ ìsinmi lé e, wọ́n sì mú ìyá tó jẹ́ olórí akọrin dání láti jẹ́rìí sí ọ̀rọ̀ ìlù. Lẹ́yìn ìyẹn ni pásítọ̀ kọ ìwé tirẹ̀. Wọ́n ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, òǹtẹ̀ náà rí róbótó, ó pọ́n bí ọsàn àgbálùmọ̀. Mo sáré gbé e lọ sí ọ́fíìsì. Wọ́n wò ó lójú fóònù, wọ́n ní ó dára, wọ́n sì ní kí n mú ojúlówó rẹ̀ wá.

Àárín ọjọ́ wọ̀nyẹn ni wọ́n kó gbogbo àwa tuntun jọ láti sọ ìtàn bí ìhìnrere ṣe dé ilẹ̀ wa. Olùkọ́ tó ń sọ̀rọ̀ mẹ́nu ba bí míṣọ́nnárì Mẹ́tọ́díìsì, Thomas Birch Freeman, ṣe lọ bá Ọba Ghezo ti Dàhómì ní Abomey ní 1843, ó sì sọ bí Samuel Àjàyí Crowther ṣe dé Kétu ní 1853, kí ogun Dàhómì tó wá run ìlú náà ní 1886. Orí mi wú nígbà tí ó dárúkọ Kétu, nítorí èmi nìkan ni ọmọ Kétu lórí ìjókòó wa, àwọn tó wà lápá ọ̀tún àti lápá òsì sì yíjú wò mí. Ojú ẹsẹ̀ náà ni inú tún bẹ̀rẹ̀ sí í bí mi. Ìlú tí Crowther fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ tẹ̀ láti wàásù, tí àwọn bàbá wa padà tún dó lẹ́yìn tí ogun ti kó wọn lọ, ni ọmọ rẹ̀ ń jókòó síbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò gbà pé Kristẹni ni.

Awakọ̀ kan ní ìdíkọ̀ Kétu ló gba àpòòwé náà. Kò sọ fún bàbá ìjọ pé Pobè ni òun máa ń já èrò sí, ó kàn fà á lé awakọ̀ mìíràn lọ́wọ́ níbẹ̀, ẹni tí a kò ní nọ́ńbà rẹ̀. Mo dúró ní Wando láti ọ̀sán, mo ń yọjú sí gbogbo ọkọ̀ tó bá ti ọ̀nà Sakété wọlé, mo ń béèrè lọ́wọ́ àwọn awakọ̀, àwọn kan ń fi Yorùbá dá mi lóhùn, àwọn kan ń fi èdè Gùn. Ilẹ̀ ti ń ṣú nígbà tí ọkùnrin kan na àpòòwé náà sí mi láti ojú fèrèsé, ó ní, “Ẹ̀yin lẹ ni ìwé ṣọ́ọ̀ṣì?” Ó ti fi ọ̀rá wé e nítorí òjò. Mo fún un ní owó, ó kọ̀ ọ́, ó ní kí n rántí òun nínú àdúrà.

Ní òwúrọ̀ kejì, ìyá ọ́fíìsì gba ìwé náà, wọ́n wo òǹtẹ̀, wọn kò ka ọ̀rọ̀ kankan nínú rẹ̀, wọ́n sàmì sí i, wọ́n na kọ́kọ́rọ́ sí mi. Kò tó ìṣẹ́jú méjì. Ibùsùn tó kù ni ti òkè lẹ́bàá ilẹ̀kùn, ibi tí gbogbo ẹni tó bá jáde lóru máa ń fi ọwọ́ gbá. Mo fọ ibẹ̀, mo kan ìṣó àwọ̀n ẹ̀fọn, mo tẹ́ tìmùtìmù tí Tàǹtí ti bá mi sá gbẹ, mo sì sun oorun gidi ní alẹ́ ọjọ́ náà.

Láti ìgbà náà, n kò ní ẹ̀sùn kan sí ìgbé ayé inú ọgbà. Orin òwúrọ̀ dùn ju bí mo ṣe rò lọ; Faransé, Gùn àti Yorùbá ni a fi ń kọ ọ́, ọjọ́ tí ó sì kan Yorùbá, èmi ni wọ́n gbé ìlù fún. Èmi pẹ̀lú ọmọ Sábẹ̀ àti obìnrin Pobè yẹn, tí àwọn náà jìyà bí èmi ti jẹ ẹ́, jọ jókòó kọ ìwé sí ọ̀gá àgbà, a kọ ọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, a so ẹ̀dà àkọsílẹ̀ wọn mọ́ ọn, a sì fa ìlà sábẹ́ ibi tí òǹtẹ̀ yẹ kí ó wà. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, a rí ìwé tuntun tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn ọ́fíìsì, òǹtẹ̀ ìjọ sì wà nínú rẹ̀ kedere. Iṣẹ́ wa ni, mo sì ń yangàn lórí rẹ̀.

Bí ẹ bá ń bọ̀, ẹ gba ìwé pásítọ̀ ní méjì, kí méjèèjì ní òǹtẹ̀ àti ọjọ́, kí ẹ sì gbà á lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ṣí àwọn pásítọ̀ nípò tán, kì í ṣe ṣáájú. Ẹ má ṣe béèrè lọ́wọ́ ọ́fíìsì pé kí ni wọ́n fẹ́ nìkan. Ẹ béèrè ohun tó lè mú kí wọ́n má gba ìwé náà, nítorí ìdáhùn méjèèjì kì í ṣe ọ̀kan náà. Ẹ ní ẹni tí ẹ lè sùn sílé rẹ̀ ní Àjàṣẹ́, kódà bí ẹ bá ti san owó ibùsùn. Bí ẹ bá sì máa fi ìwé rán awakọ̀, ẹ kọ́kọ́ béèrè ibi tí ó ń já èrò sí gbẹ̀yìn.

Ní ti owó oúnjẹ ọjọ́ tí n kò jẹ, akápò sọ pé àwọn kò dá owó padà rí. Mo kọ ìwé sí i, mo fi orúkọ olóúnjẹ ìta àti iye tí mo ń san lóòjọ́ sí i. Ó ní ìgbìmọ̀ yóò gbé e yẹ̀ wò ní ìpàdé oṣù tó ń bọ̀, mo sì ti ní kí ó kọ ọjọ́ ìpàdé náà fún mi.