Bí a ṣe lè dá àwọn olùṣèwádìí lẹ́kọ̀ọ́ lórí ọ̀gbìn tó bá ìyípadà ojú ọjọ́ mu

Láti ọdún 2010 tí FAO, àjọ oúnjẹ àti ọ̀gbìn ti Ìparapọ̀ Orílẹ̀-èdè, ti gbé èrò yìí kalẹ̀, ohun mẹ́ta ló ń béèrè: kí irè oko àti owó àgbẹ̀ pọ̀ sí i, kí oko lè fara da ọ̀dá àti ìkún omi, kí afẹ́fẹ́ tó ń mú ayé gbóná sì dín kù níbi tó bá ti ṣeé ṣe. Ó ṣòro kí olùṣèwádìí kan ṣoṣo mọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dunjú. Nítorí náà, ẹ da onímọ̀ irúgbìn, onímọ̀ ilẹ̀ àti onímọ̀ ọrọ̀ ajé pọ̀ sí ẹgbẹ́ kékeré, kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan sì wọn ohun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lórí ilẹ̀ kan náà.

Oko ìrẹsì alómi ni mo fara mọ́ jù fún ìbẹ̀rẹ̀, nítorí pé ilẹ̀ tí omi bò kì í rí atẹ́gùn, àwọn kòkòrò tín-ín-tín inú rẹ̀ a sì máa pèsè methane, ọ̀kan lára afẹ́fẹ́ tó ń mú ayé gbóná. Láti mọ ibi tí omi dé nínú ilẹ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ ara wọn gé ọ̀pá ike oníhò inú tó gùn tó 30 sẹ̀ǹtímítà, kí wọ́n lu ihò sí ìdajì ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí wọ́n rì í títí ihò yóò fi wọlẹ̀ tán, kí wọ́n sì kó ẹrẹ̀ inú rẹ̀ kúrò. Bí omi inú ọ̀pá bá ti fi 15 sẹ̀ǹtímítà lọ sílẹ̀ sí ojú ilẹ̀, ìgbà náà ni kí wọ́n tún fa omi sí oko. Ṣùgbọ́n bí ìrẹsì bá ń tanná, omi kò gbọdọ̀ gbẹ lójú ilẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, láti wọn afẹ́fẹ́ tó ń jáde láti inú ilẹ̀, ni kí wọ́n dé àpótí mọ́ ilẹ̀, kí wọ́n sì fi siríǹjì fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ bí wọ́n bá ti dé e, àti ní ìṣẹ́jú 10, 20 àti 30. Ẹ tẹ́ pákó síbẹ̀ ṣáájú, nítorí pé ẹsẹ̀ tó bá tẹ ẹrẹ̀ yóò mú kí methane hó jáde, iye tí wọn yóò kọ sílẹ̀ yóò sì ga láìnídìí.

Ìṣirò ni kí ẹ fún ní àkókò jù. Omi tó ń gbẹ tó sì ń padà a máa dín methane kù, ṣùgbọ́n ó lè mú kí nitrous oxide, afẹ́fẹ́ mìíràn tó ń mú ayé gbóná, pọ̀ sí i láti inú ajílẹ̀. Láàárín 100 ọdún, agbára ìmóoru kílò kan nitrous oxide tó nǹkan bí ìlọ́po 273 ti carbon dioxide, nígbà tí ti methane oko ìrẹsì jẹ́ nǹkan bí 27. Kí wọ́n fi iye wọ̀nyí sọ methane àti nitrous oxide di ìwọ̀n carbon dioxide, kí wọ́n ro méjèèjì pọ̀, kí wọ́n pín in sórí kílò ìrẹsì tí wọ́n kórè, kí wọ́n tó bi àgbẹ̀ bóyá òun rí àyè máa yẹ ọ̀pá náà wò lójoojúmọ́.

Èmi kì í ka ìwé-ẹ̀rí ọjọ́ méjì sí. Ètò ìwádìí sáà kan ni kí olúkúlùkù fi sílẹ̀, kí olùkọ́ sì lọ bá a lóko lẹ́yìn oṣù mẹ́fà.