Bí ẹ ṣe máa gba bébà ẹ̀kọ́ sáfẹ́tì kúárì l'Amẹ́ríkà, tí kò sì ní kú mọ́ yín lọ́wọ́

Kò sí ohun tó ń jẹ́ láísẹ́ǹsì MSHA o. Mo ní kí n tètè sọ ọ́ torí òun ni wọ́n fi ń gbowó lọ́wọ́ àwọn èèyàn wa jù, ẹnì kan á ní "mú dọ́là báyìí báyìí wá, màá bá ẹ ṣe káàdì MSHA láàárín ọjọ́ méjì", onítọ̀hún á sì sanwó nítorí pé kúárì tó fẹ́ gbà á síṣẹ́ ti ní kó mú káàdì wá lọ́jọ́ Mọ́ńdè. MSHA ni ọ́fíìsì ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà tó ń mójú tó ààbò àwọn tó ń wa kùsà àtàwọn tó ń fọ́ òkúta, òfin ọdún 1977 ló bí i. Wọn kì í ṣe ìdánwò fún òṣìṣẹ́ kúárì, wọn kì í sì í tẹ káàdì fún un. Bébà lásán ni gbogbo wa ń pè ní káàdì yẹn, bébà tí ọ̀gá ibi iṣẹ́ yín fọwọ́ sí pé lọ́jọ́ báyìí, fún wákàtí báyìí, lágbájá ti gba ẹ̀kọ́ sáfẹ́tì. Ṣùgbọ́n bébà lásán yẹn náà, tí ò bá sí lọ́wọ́ yín, ẹ ò lè fọwọ́ kan pélódà.

Èmi ń wa pélódà ní kúárì òkúta ẹfun kan lápá San Antonio ní Texas. Àwọn ará Houston mọ ohun tí mò ń sọ, amọ̀ àti yanrìn ni ilẹ̀ tiwọn, ẹ gbẹ́ ẹ títí, ẹ ò ní kan àpáta, torí náà ọ̀pọ̀ òkúta tí wọ́n fi ń da kọnkéré níbẹ̀, ọ̀dọ̀ wa níbí ni rélùwéè ti ń kó o lọ. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wa gbà dé ìdí iṣẹ́ yìí, èèyàn á kọ́kọ́ máa wa tírélà wá di òkúta, ó pẹ́ ó yá á bẹ̀rẹ̀ sí í wo àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nínú, á ní iṣẹ́ tèmi náà rèé, ó ṣáà sàn ju kí n máa sùn sínú tírélà lọ.

Ẹ kọ́kọ́ béèrè ìwé òfin tó bá ibi tí ẹ ń lọ mu. Kúárì òkúta orí ilẹ̀, ibi yanrìn, ibi òkúta wẹ́wẹ́, ibi amọ̀, Part 46 ni tiwọn. Ẹni tó ń lọ sábẹ́ ilẹ̀, ẹni tó ń wa èédú tàbí góòlù tàbí kọ́pà, Part 48 ni tiẹ̀, ìyẹn sì le díẹ̀, torí MSHA fúnra wọn ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí olùkọ́ tó máa kọ́ yín, tó bá sì jẹ́ abẹ́ ilẹ̀, wákàtí 40 ni ẹni tuntun máa jókòó fún. Ti Part 46, wákàtí 24 ni, ibi iṣẹ́ ló máa yan ẹni tó mọṣẹ́ dáadáa láti kọ́ yín, kò pọn dandan kí ìjọba mọ̀ ọ́n. Ọ̀rọ̀ Part 46 ni mò ń sọ lọ láti ibí, òun ni mo mọ̀ dénú.

Ẹ̀yin tí ẹ ń wa tírélà tàbí típà, tó jẹ́ pé ẹ kàn ń wọlé, wọ́n á bu òkúta sí i, ẹ á gun ìwọ̀n, ẹ á sì jáde, wákàtí 24 kọ́ ni tiyín. Àlàyé ewu inú sáíìtì yẹn nìkan ni wọ́n gbọ́dọ̀ ṣe fún yín, ibi tí ẹ ò gbọ́dọ̀ dé, ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ láti kọ́kọ́ kọjá lójú ọ̀nà, ìdí tí ẹ ò fi gbọ́dọ̀ bọ́ sílẹ̀ nígbà tí wọ́n ń bu òkúta. Mo mọ ẹnì kan tó san owó gọbọi fún kíláàsì wákàtí 24 nígbà tó jẹ́ pé típà ló ń wà. Ó gbọ́n sí i, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó bi í ní bébà yẹn rí. Àmọ́ o, tó bá jẹ́ pé kọ́ńtíráítọ̀ lẹ bá wá, tí ẹ ń wá tún ẹ̀rọ ṣe léraléra tàbí fún ìgbà pípẹ́, tàbí tí ẹ ń lu ihò sínú àpáta, ọ̀rọ̀ yí padà, òṣìṣẹ́ kúárì lòfin ń pè yín, gbogbo ẹ̀ lẹ máa gbà pátá.

Kò pọn dandan kí wọ́n kó wákàtí 24 yẹn jọ sójú kan. Ó kéré tán, wákàtí 4 gbọ́dọ̀ wọlé kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rárá, inú ẹ̀ ni wọ́n ti máa mú yín yí sáíìtì ká, wọ́n á sọ ewu iná mànàmáná, ọ̀nà tí ẹ máa gbà sá tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, ẹni tí ẹ máa fi ẹjọ́ sùn, àti ẹ̀tọ́ tí ẹ ní. Ẹ̀kọ́ ìtọ́jú pàjáwìrì gbọ́dọ̀ wáyé kó tó kọjá ọjọ́ 60 tí ẹ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ìyókù gbọ́dọ̀ parí kó tó pé ọjọ́ 90. Kó tó parí ńkọ́, ibi tí ẹni tó ti mọṣẹ́ ti lè máa rí yín ni kí wọ́n fi yín sí. Tí wọ́n bá fi yín sílẹ̀ ní ẹ̀yin nìkan pẹ̀lú ẹ̀rọ lọ́jọ́ kẹta, ẹ sọ̀rọ̀. Èdè tó sì yé yín ni òfin ní kí wọ́n fi kọ́ yín, ẹ má jókòó kí ẹ máa mi orí bí alángbá, tí Gẹ̀ẹ́sì ọkùnrin Texas yẹn ò bá yé yín, ẹ ní kó tún un sọ.

Lọ́jọ́ tèmi, bàbá Mẹ́síkò kan ló mú mi yíká. A dé ìdí bẹ́líìtì tó ń gbé òkúta jáde látinú ẹ̀rọ tó ń fọ́ ọ, bàbá pa á, ó wá fi àgádágodo tiẹ̀ ha ìdí iná rẹ̀. Ó mú òmíràn jáde lápò, pupa, ó fi máákà kọ orúkọ mi sí i lára, kò tiẹ̀ kọ ọ́ dáadáa, ó ní kí n fi tèmi náà sí i. Kọ́kọ́rọ́ kan ṣoṣo, àpò mi ló ní kó wà, kò gbọdọ̀ dé ọwọ́ ẹlòmíì, ọwọ́ ọ̀gá pàápàá. Ó wá padà lọ tẹ bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń tan bẹ́líìtì náà. Kò tan. Ó tún tẹ̀ ẹ́. Ó wò mí lójú, ó ní gbogbo ẹni tí òun mọ̀ tí bẹ́líìtì fa ọwọ́ rẹ̀, ohun kan náà ni wọ́n wí, wọ́n ní "ìṣẹ́jú kan péré ni". Àgádágodo yẹn ṣì wà lọ́wọ́ mi dòní.

Àwọn tó ti ṣe iṣẹ́ yìí nílé ńkọ́, àwọn tó ti wa káta ní Abẹ́òkúta tàbí ní Àkúrẹ́? Ẹ má jù ú nù. Òfin ní ẹni tó bá ti gba ẹ̀kọ́ wákàtí 24, tó sì ti ní oṣù 12 lápapọ̀ nídìí iṣẹ́ orí ilẹ̀ tàbí iṣẹ́ tó jọ ọ́, onírìírí ni, kì í sì í padà di ẹni tuntun mọ́ láyé ẹ̀. Iṣẹ́ tó jọ ọ́, bíi wíwa ẹ̀rọ ńlá níbi tí wọ́n ti ń kọ́lé tàbí tí wọ́n ti ń la ọ̀nà, lè wọ inú oṣù 12 yẹn. Ṣùgbọ́n méjèèjì ló gbọ́dọ̀ pé o, ogún ọdún nílé láìsí wákàtí 24, ẹni tuntun ṣì ni yín. Ẹ gba lẹ́tà lọ́wọ́ ọ̀gá yín ilé, kó kọ irú ẹ̀rọ àti oṣù tí ẹ fi wà á, ibi iṣẹ́ ló kù tó máa pinnu bóyá àwọn gbà á. Ẹni tó ti gba wákàtí 24 tí oṣù 12 rẹ̀ ò tíì pé, tó wá yí ibi iṣẹ́ padà, kò ní tún un ṣe látìbẹ̀rẹ̀ tí kò bá tíì kọjá oṣù 36 sígbà tó gbà á, àlàyé tó ṣáájú iṣẹ́ yẹn nìkan ni wọ́n máa tún ṣe fún un ní sáíìtì tuntun.

Ẹ wá gbọ́ tèmi. Kúárì tí mo kọ́kọ́ ṣe, mo lo oṣù mẹ́rìnlá níbẹ̀ mo sì lọ, mi ò béèrè bébà, mo rò pé ó wà lórí kọ̀ǹpútà ìjọba níbì kan. Kò sí kọ̀ǹpútà ìjọba kankan. Ọ̀dọ̀ ẹni tó gbà yín síṣẹ́ ni bébà wà, tí ẹ bá sì ti kúrò, ọjọ́ 60 péré ni òfin ní kó fi pa á mọ́. Nígbà tí mo padà pè wọ́n, wọ́n ti ta ibẹ̀, obìnrin tó gbé fóònù ò tiẹ̀ mọ orúkọ mi. Ni mo bá jókòó ọjọ́ mẹ́ta gbáko láàárín àwọn ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún tí wọ́n ń sùn, owó ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni wọ́n sì fi bẹ̀rẹ̀ mi. Torí náà bí ẹ bá ṣe ń parí ni kí ẹ máa gba ẹ̀dà tiyín, ẹ̀tọ́ yín ni. Kí ẹ tó kúrò níbẹ̀, ẹ wò ó dáadáa: orúkọ yín bó ṣe wà lára káàdì ìdánimọ̀ yín (kì í ṣe "Wale" tí wọ́n ń pè yín), irú ẹ̀kọ́, wákàtí, déètì, orúkọ ẹni tó kọ́ yín, orúkọ kúárì àti nọ́ńbà 7 tí MSHA fún un, ọ̀rọ̀ tó kìlọ̀ pé irọ́ pípa lórí bébà náà ní ìjìyà, àti ìbuwọ́lù ẹni tó ń bójú tó ẹ̀kọ́ sáfẹ́tì níbẹ̀. Tí ìbuwọ́lù ò bá sí, ẹ ò tíì gba nǹkan kan.

Ìjìyà yẹn kì í ṣe àwàdà. Ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ parọ́ lórí irú bébà yìí lè san tó $10,000, ó lè ṣẹ̀wọ̀n tó ọdún 5, ẹ̀yin tí ẹ ṣì ń dúró de ìwé ìgbé ìlú, ẹ ronú nípa ìyẹn kí ẹ tó fún "ẹni tó mọ̀nà" lówó. Tí ibi iṣẹ́ bá ní kí ẹ lọ gba ẹ̀kọ́ náà níta, ẹ wádìí bóyá ìpínlẹ̀ yín ní ètò tí MSHA ń fún lówó, yunifásítì tàbí ọ́fíìsì ìjọba ìpínlẹ̀ ló sábà máa ń ṣe é, owó rẹ̀ kéré, ibòmíì tiẹ̀ jẹ́ ọ̀fẹ́. Ti orí íntánẹ́ẹ̀tì wà, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ bi ibi iṣẹ́ bóyá wọ́n máa gbà á, torí kò sí íntánẹ́ẹ̀tì tó lè mú yín yí sáíìtì ká.

Ọ̀rọ̀ owó: ẹni tí wọ́n ti gbà síṣẹ́, àsìkò iṣẹ́ ni wọ́n gbọ́dọ̀ fi kọ́ ọ, owó tó máa gbà ká ní ó ń ṣiṣẹ́ náà ni wọ́n sì máa san. Ẹni tó bá ní kí ẹ wá ní Sátidé lọ́fẹ̀ẹ́ ti rú òfin. Ìnsípẹ́kítọ̀ MSHA máa ń yẹ odindi kúárì orí ilẹ̀ wò ó kéré tán ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún, wọn kì í sọ ọjọ́ tí wọ́n ń bọ̀. Lọ́dún kan obìnrin kan dé lówùúrọ̀ kùtù, ó ní kí wọ́n kó bébà gbogbo wa wá, bébà ọ̀rẹ́ mi kan ti kú fún ọjọ́ mọ́kànlá. Ó ní kó bọ́ sílẹ̀ lórí ẹ̀rọ lójú ẹsẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi jókòó sí ọ́fíìsì tòun ti akoto lórí títí wọ́n fi rí olùkọ́, ọ̀gá sì san owó ọjọ́ náà fún un, torí òfin ní ẹni tí wọ́n bá yọ báyẹn kò gbọdọ̀ pàdánù owó rẹ̀. Ọ̀gá ò rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn.

Ó wá kan títún ẹ̀kọ́ náà ṣe lọ́dọọdún. Wákàtí 8 ni, láàárín oṣù 12, kò sí ọjọ́ àánú. Tí ẹ bá parí ti tẹ́lẹ̀ ní 10 March 2025, kò gbọdọ̀ kọjá 10 March 2026. Wọ́n lè gé e kéékèèké, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú níbí, wákàtí kan lọ́hùn-ún, kó ṣáà wà lákọsílẹ̀. Ohun tó bá yí padà ní sáíìtì gbọ́dọ̀ wà nínú ẹ̀kọ́ náà, torí náà fídíò tọdún tó kọjá nìkan kò tó. Tó bá sì kú mọ́ ẹ̀yin onírìírí lọ́wọ́, wákàtí 8 yẹn náà ni ẹ máa ṣe, ẹ ò ní padà sí 24, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tà á fún yín.

Bí wọ́n bá gbé yín láti orí pélódà bọ́ sórí ọkọ̀ ńlá tó ń kó òkúta, ẹ̀kọ́ iṣẹ́ tuntun tún wà fún ìyẹn, ó gbọ́dọ̀ ṣáájú iṣẹ́. Ti ohun abúgbàmù yàtọ̀ pátápátá, ATF, ọ́fíìsì ìjọba àpapọ̀ tó ń mójú tó ìbọn àti ohun abúgbàmù, ló ń yẹ ẹni tó máa fọwọ́ kàn án wò, láti ìgbà òfin 2002 sì ni ẹni tí kì í ṣe ọmọ Amẹ́ríkà, tí ò ní gíríìnì káàdì, kò lè ṣe é àfi àwọn díẹ̀ tí òfin yọ sọ́tọ̀. Ẹni tó bá rántí ohun tó bú gbàmù ní Bódìjà n'Ìbàdàn ní oṣù kìíní ọdún 2024 kò ní bi mí pé kí ló dé tí wọ́n fi ń wo èèyàn tó bẹ́ẹ̀. Àwọn ìpínlẹ̀ kan ní láísẹ́ǹsì tiwọn lé e lórí, ìyẹn gan-an ni láísẹ́ǹsì.

Bébà tèmi wà nínú náílọ́ọ̀nù kan nínú mọ́tò mi, mo ya fọ́tò rẹ̀ sórí fóònù, ẹ̀dà kan wà lọ́wọ́ ìyàwó mi nínú fáìlì tí bébà ilé ìwé àwọn ọmọ wà. Déètì rẹ̀ wà lórí kàlẹ́ńdà kíṣìnì wa, oṣù kan ṣáájú ọjọ́ tó máa kú, obìnrin náà ló sì máa ń rán mi létí.