Bí a ṣe ń fi átọ́ọ̀mù tí léésà ti ru sókè gba ìgbì rédíò

Ìlànà yìí wà fún olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ físíìsì ní Òṣogbo, yálà ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun tàbí níbòmíràn nílùú, tí wọ́n ní yàrá tó ṣeé mú ṣókùnkùn àti tábìlì wíwúwo tí kì í mì. Léésà méjì ni ó máa gba owó jù, nítorí náà ó sàn kí ẹ̀ka méjì tàbí mẹ́ta dáwó jọ rà wọ́n.

Ohun tó dúró gẹ́gẹ́ bí ẹ́ríà, ìyẹn ohun tó ń gba ìgbì rédíò, níhìn-ín ni rùbídíọ́ọ̀mù, irú mẹ́tàlì kan, tó ti di afẹ́fẹ́ nínú ìgò gíláàsì kékeré kan. Ìgò tí wọ́n ti dí pa ní ilé iṣẹ́ ni kí ẹ rà. Ẹ má ṣe gbìyànjú láti rọ ọ́ fúnra yín, nítorí rùbídíọ́ọ̀mù máa ń gbiná bí ó bá kan omi tàbí afẹ́fẹ́. Kò sí pé à ń mú un tutù rárá, ooru inú yàrá lásán tó fún un.

Gígùn ìgbì léésà kìíní jẹ́ 780 nánómítà, pupa tí ojú fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí, èkejì sì jẹ́ búlúù, 480 nánómítà. Ẹ wọ awò tó ń dáàbò bo ojú lọ́wọ́ àwọn méjèèjì kí ẹ tó tàn wọ́n. Ìmọ́lẹ̀ pupa ni yóò gbé ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù kúrò ní ìsàlẹ̀ pátápátá sí àtẹ̀gùn kejì, búlúù yóò sì gbé e láti ibẹ̀ lọ sí ipele kẹtàléláàádọ́ta, ọ̀kan lára àwọn ipele tí a fi orúkọ Johannes Rydberg ará Sweden pè. Ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù tó bá dé ibẹ̀ ti jìnnà sí àárín átọ́ọ̀mù rẹ̀ débi pé ìgbì rédíò tí kò lágbára pàápàá lè mì ín.

Ibi tí iṣẹ́ gan-an wà ni títo àwọn léésà náà. Ẹ jẹ́ kí ọ̀kan gba ọ̀tún wọ inú ìgò, kí èkejì gba òsì, kí wọ́n sì gbé ara wọn lé pátápátá, nítorí àwọn átọ́ọ̀mù ń sáré bíi 300 mítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ohun tí ìrìn wọn bá sì fi kún ọ̀kan ni yóò yọ kúrò lára èkejì, tí púpọ̀ nínú àṣìṣe tí ìrìn wọn ń fà yóò fi pòórá. Ẹ rọra yí gígùn ìgbì léésà pupa títí átọ́ọ̀mù yóò fi máa gbé e mì: bí ẹ bá gbé kámẹ́rà fóònù síwájú ìgò, ẹ lè rí ìlà ìmọ́lẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ tó gba inú rẹ̀ kọjá, ìmọ́lẹ̀ tó ń dé orí photodiode, ẹ̀rọ kékeré tó ń sọ ìmọ́lẹ̀ di iná mànàmáná, yóò sì dínkù. Ẹ wá máa yí búlúù díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó bá bọ́ sí ojú ibi tó yẹ, ìgò náà yóò ṣí sílẹ̀ fún pupa, òkè ṣóńṣó kan yóò sì yọ lójú oscilloscope, ẹ̀rọ tó ń ya ohun tí photodiode gbà bí ìlà sójú rẹ̀. Ẹ má fọwọ́ kan ẹ̀rọ rédíò rárá kí ẹ tó rí òkè yìí.

Lẹ́yìn èyí, ẹ darí ìgbì 14.23 gìgáhẹ́ẹ́sì sí ìgò náà. Òkè yóò pín sí méjì, àlàfo àárín wọn yóò sì máa fẹ̀ bí agbára ìgbì bá ṣe ń pọ̀ sí i. Láti inú àlàfo yìí ni àwọn onímọ̀ físíìsì Sedlacek, Shaffer àti àwọn akẹgbẹ́ wọn ti wọn agbára ìgbì ní 2012, láìlo òṣùwọ̀n mìíràn ju ìwà átọ́ọ̀mù fúnra rẹ̀ lọ. Mo ka èyí sí ẹwà tó ga jù nínú iṣẹ́ náà.

Kí ẹ lè gbọ́ ohùn, ẹ dá léésà méjèèjì dúró sórí òkè, kí ẹ sì so rédíò kékeré kan mọ́ ẹ̀rọ tó ń ṣe ìgbì, kí ohùn ìròyìn máa gbé agbára ìgbì sókè sódò. Ìmọ́lẹ̀ pupa yóò máa tẹ̀ lé e, ẹ ó sì so photodiode mọ́ ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn ga àti sípíkà. Ẹ má retí pé ìgò yìí yóò gba iléeṣẹ́ FM tààrà: gígùn ìgbì FM jẹ́ bíi mítà mẹ́ta, ipele tó bá a mu sì ṣòro láti dé.

Ẹ fi ìnfátà gbé léésà, torí bí iná bá lọ, ẹ ó tún gbogbo rẹ̀ tò. Nígbà ọyẹ́, ẹ bo àwọn díńgí kí eruku má bà wọ́n jẹ́. Nígbà tí ohùn bá jáde, ẹ fi páálí dí léésà búlúù. Bí ohùn náà kò bá dákẹ́, wáyà yín ni ó ń gbà á, kì í ṣe átọ́ọ̀mù.