Ẹ Fi Ayùn Yẹn Sílẹ̀ Ná: Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Nídìí Títú Ilé-Iṣẹ́ Núkílíà Palẹ̀

Ọdún 19 rèé tí mo ti ń tú ilé-iṣẹ́ núkílíà palẹ̀ ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n pè mí sí yàrá kan tí àwọn ọmọ tuntun ti ń gé páìpù láti ọjọ́ mẹ́ta. Páìpù o, ìbọ̀wọ́ o, ọ̀rá o, èérún kọnkéré o, inú àpò kan náà ni wọ́n ń rọ́ gbogbo rẹ̀ sí. Àpò 24. Mo wo àpò, mo wo àwọn ọmọ, mo ní kí wọ́n jọ̀wọ́ bá mi po tíì. Mo mu tíì tán, inú mi ò rọ̀. Ìdí tí mo fi jókòó kọ èyí nìyẹn. N ò ní ṣàlàyé ohun tí ìtànṣán jẹ́; ẹ ti kàwé, ẹ sì ti gba ìwé ẹ̀rí.

1. Ẹ má da pàǹtírí pọ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, pàǹtírí tí ìtànṣán beta àti gamma inú rẹ̀ kò bá ju gigabecquerel 12 (òṣùwọ̀n ìtànṣán nìyẹn) lọ nínú tọ́ọ̀nù kan, tí ìtànṣán alpha rẹ̀ kò sì ju 4 lọ, fẹ́ẹ́rẹ́ ni à ń pè é. Èyí ríbi lọ: wọ́n ti ń sin irú rẹ̀ sí Drigg ní Cumbria láti ọdún 1959. Èyí tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ kò tíì ní ibojì ayérayé ní ilẹ̀ yìí. Inú àpótí ni yóò wà, nínú sítọ́ọ̀ tí a ń ṣọ́ tọ̀sántòru, títí wọn yóò fi gbẹ́ ihò rẹ̀. Ẹ ro iye tí ìyẹn ń náni. Oríkèé páìpù kan ṣoṣo tó gbóná, ìyẹn èyí tí ìtànṣán rẹ̀ pọ̀, tí ẹ bá sọ ọ́ sáàárín ìbọ̀wọ́ tí kò ní nǹkan kan lára, ó ti ba gbogbo àpò jẹ́. Ẹ ò sì lè fi ìbọ̀wọ́ là á bí ẹni bu omi la ọbẹ̀. Òfin kọ̀ ọ́. Àfi kí ẹnì kan gbé aṣọ ààbò wọ̀, kó tú àpò, kó máa ṣà á lẹ́yọ lẹ́yọ.

2. Ẹ wá asbestos, fọ́nrán òkúta tí ekuru rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, kí ẹ tó wá ìtànṣán. Ilé ọdún 1950 lẹ wà.

3. "Ẹ jẹ́ kó tutù ná." Ọ̀rọ̀ yìí máa ń dùn létí ọ̀gá, nítorí kò ní owó ọdún yìí nínú. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Cobalt-60, èròjà tó ń tú ìtànṣán, tó wà nínú irin ríákítọ̀ (ààrò núkílíà), ń dín sí ìdajì ní ọdún márùn-ún ó lé díẹ̀. Tí ẹ bá fi í sílẹ̀ fún 50 ọdún, ohun tó kù ò tó ìdá kan nínú 700. Ṣùgbọ́n níbi tí wọ́n ti fi plutonium, ọ̀kan lára èròjà epo núkílíà, ṣiṣẹ́, ìdúró kì í ṣe oògùn. Irú rẹ̀ kan, plutonium-241, ń di èròjà mìíràn tó ń tú ìtànṣán, americium-241. Láàárín nǹkan bí ọdún 14, ìdajì rẹ̀ ti yí padà, gamma americium náà sì le ju ti ìyá tó bí i lọ. Ẹ ó padà débẹ̀, yàrá á gbóná ju bí ẹ ṣe fi í sílẹ̀ lọ, òrùlé á ti máa jò, àwọn tó mọ̀dí rẹ̀ á sì ti kú.

4. Àwọn tó mọ̀dí rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ eléyìí, òun ló ń ká mi lára jù.

Ẹ lọ wo ilé-iṣẹ́ núkílíà Dounreay ní àríwá Scotland. Wọ́n gbẹ́ kòtò kan tó jìn ní mítà 65 nígbà tí wọ́n ń la ọ̀nà omi ìdọ̀tí lábẹ́ ilẹ̀. Nígbà tó di ọdún 1959, wọ́n sọ ọ́ di ààtàn. Ẹni tó bá ti ní nǹkan tí kò mọ ibi tí yóò gbé e sí, ó di inú kòtò. Omi wà nínú kòtò yẹn, wọ́n sì ju sodium sí i, irin tó máa ń gbaná tí omi bá kàn án. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1977, ó bú gbàù, ó ṣí ìdérí dànù. Àkọsílẹ̀ ohun tó wà níbẹ̀ mẹ́hẹ, ìyẹn sì wà lára ohun tó sọ kíkó rẹ̀ di iṣẹ́ àwọn ọmọ ọmọ wọn.

Kí ẹ má baà ní àwọn ará àtijọ́ nìkan ni mò ń bú, ẹ gbọ́ tèmi. Ọdún kẹrin mi lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n fún mi ní páìpù kan gé. Mo ní àwòrán rẹ̀ lọ́wọ́, wọ́n fọwọ́ sí i, wọ́n lu òǹtẹ̀: páìpù náà lọ tààrà, ó sì ti ṣófo. Ọ̀gá mi obìnrin ní kí n kọ́kọ́ lọ rí bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì, ẹni tó so páìpù yẹn. Ilé rẹ̀ ò ju ogún ìṣẹ́jú lọ. Èmi ọ̀mọ̀wé dáhùn pé àwòrán kì í gbàgbé, àgbàlagbà ló ń gbàgbé.

A gé e. Omi tó jáde ò ju ife tíì kan lọ. Agogo ìkìlọ̀ han, a sá jáde, ọ̀sẹ̀ 11 ni wọ́n fi ti yàrá yẹn pa. Aago ọwọ́ tí ìyàwó mi rà fún mi, tí wọ́n ti ní kí n máa bọ́ sílẹ̀ kí n tó wọlé, pàǹtírí ni títí dòní, ó ní nọ́ńbà nínú ìwé.

Ìgbà yẹn ni mo wá rántí bàbá. Ó po tíì fún mi, ó ya páìpù náà sẹ́yìn àpò ìwé kan. Òpó irin kan ló dí wọn lọ́nà lọ́jọ́ tí wọ́n ń so ó, ni wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ gba ìsàlẹ̀ lẹ́yìn ògiri, kò sì sẹ́ni tó tún àwòrán ṣe. "Ibi tó tẹ̀ yẹn kì í gbẹ," ló wí. "Kí ló dé tí o ò wá bi mí?" Ìdọ̀bálẹ̀ nìkan ló kù tí n ò ṣe, nítorí n ò mọ bí òyìnbó yóò ṣe túmọ̀ rẹ̀.

Nítorí náà, kí ilé-iṣẹ́ tó kógbá wọlé pátápátá, ẹ lọ bá wọ́dà, ẹ lọ bá agbálẹ̀, ẹ lọ bá ẹni tó ń fọ aṣọ. Ẹ bi wọ́n léèrè ibi tí nǹkan ti dà sílẹ̀ rí. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ lójú wọn, kí ẹ sì wá fi ẹ̀rọ wọn ibẹ̀ kí ẹ tó gbàgbọ́, nítorí àgbàlagbà náà ń gbàgbé.

6. Ẹ má bomi fọ ògiri. Inú kọnkéré ni ẹ ń fi ìdọ̀tí náà ránṣẹ́ sí. (Mo fo ìkarùn-ún. Mo ti gbàgbé ohun tí mo fẹ́ fi síbẹ̀. Ẹ jẹ́ ká máa lọ.)

Ẹ wọn ẹnu ọ̀nà kí ẹ tó ra róbọ́ọ̀tì. Ẹ má rẹ́rìn-ín, mo wà níbẹ̀.

Ẹ má sì rò pé bí ilé bá ti wó, iṣẹ́ ti parí. Ilé-iṣẹ́ iná núkílíà Maine Yankee ní Amẹ́ríkà dá iná mànàmáná dúró ní 1996. Nígbà tó fi máa di 2005, wọ́n ti tú u palẹ̀ pátá, koríko ti hù. Síbẹ̀ àgbá ràbàtà 64 ṣì wà lórí ilẹ̀ yẹn, epo núkílíà tí wọ́n ti lò wà nínú 60 lára wọn, àwọn ẹ̀ṣọ́ ń ṣọ́ ọ. Kò tíì síbi tí wọn yóò gbé e lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ń fojú di àwọn ẹ̀rọ ilé ìwòsàn pé wọn kì í ṣe ríákítọ̀, ṣé ẹ rántí ìlú Goiânia ní Brazil? Ilé ìwòsàn kan kó kúrò, ó fi ẹ̀rọ ìtọ́jú tí caesium-137, èròjà tó ń tú ìtànṣán, wà nínú rẹ̀ sílẹ̀ nínú ilé àlàpà. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1987, àwọn méjì wọlé wá irin tí wọn yóò tà fún oníkóńdẹ́ẹ̀mù. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ń tàn búlúù lóru, wọ́n bá ń pín in fún ẹbí àti ọ̀rẹ́. Èèyàn mẹ́rin kú, ó bá 249 lára, wọ́n sì yẹ èèyàn bí 112,000 wò. Èròjà náà ò tó 100 gíráàmù.

Ọ̀la la ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú àwọn àpò 24 yẹn. Àwọn ọmọ tó dì wọ́n ni yóò tú wọn, èmi yóò máa kọ ọ́ sílẹ̀. Mo ti kìlọ̀ fún wọn kí wọ́n fi aago sílé.