Ẹ má tíì gbé e lọ fún oní-lathe: àwọn àṣìṣe tó wọ́pọ̀ tẹ́ ẹ bá ń kọ́ CAD

Púpọ̀ nínú àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ́ CAD, ìyẹn fífi kọ̀ǹpútà ya irin kí wọ́n tó gbẹ́ ẹ, l'Óṣogbo báyìí, fídíò ni wọ́n ń wò. Ohun tí ọ̀gá inú fídíò bá tẹ̀ làwọn náà á tẹ̀, nǹkan á jáde lójú kọ̀ǹpútà, á máa dán, wọ́n á yí i sọ́tùn-ún, wọ́n á yí i sósì, wọ́n á gbé e sórí status. Kò burú. Wàhálà ń bọ̀ lọ́jọ́ tẹ́nìkan bá ní "ó dáa, ẹ bá mi gbẹ́ ẹ", tàbí tí oníbàárà bá ní òun ti pààrọ̀ bearing (òrùka tó ń jẹ́ kí ṣáfítì yí geere), kẹ́ ẹ jọ̀ọ́ fi kún ihò yẹn díẹ̀, tẹ́ ẹ wá yí nọ́ńbà kan ṣoṣo tí gbogbo ẹ̀ dàrú mọ́ yín lọ́wọ́. Ohun tí ò ṣeé yí, tí ò sì ṣeé gbẹ́, èmi ò kà á sí model (irin tẹ́ ẹ kọ́ sínú kọ̀ǹpútà) o, fọ́tò ni.

Ká má baà máa sọ̀rọ̀ lófuurufú, ẹ jẹ́ ká mú irin kan: ilé bearing ti ẹ̀rọ ata. Irin róbótó yẹn tí wọ́n ń fi bóòtù mẹ́rin dè mọ́ férémù, tí bearing jókòó sínú ẹ̀, tí ṣáfítì gba àárín ẹ̀ kọjá. Ìsàlẹ̀ ẹ̀ fẹ̀, òkè ẹ̀ ní ọrùn. Láti Ìgbóǹnà dé Olúòde, ibi tí wọ́n bá ti ń lọ ata ẹ máa rí nǹkan tó jọ ọ́. Kò le láti yà rárá, ìyẹn gan-an ló ń jẹ́ káwọn èèyàn fojú kéré ẹ̀.

Ẹ má ṣí láptọ́ọ̀pù tẹ́ ò bá tíì wọn nǹkan. Tẹ́ ẹ bá sì wọ̀n ọ́n tán, gbogbo ohun tí caliper, irin ìwọ̀n yẹn, bá sọ kọ́ lẹ máa gbà o! Irin àtijọ́ tó wà lọ́wọ́ yín yẹn ti jẹ. Bearing ti yí nínú ẹ̀ títí, ó ti gbẹ́ ihò náà tóbi, caliper á wá pe 52.4, ẹlòmíì á sì lọ yà á ní 52.4 bẹ́ẹ̀, ó ti da jíjẹ tí irin jẹ kọ nìyẹn, bearing tuntun á bẹ̀rẹ̀ sí í yí nínú irin tuntun látọjọ́ àkọ́kọ́. Ẹ yọ bearing náà, ẹ fi kerosíìnì nù ún, kẹ́ ẹ ka nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sí i lára. Tó bá jẹ́ 6205, àríyànjiyàn ti parí: ihò inú ẹ̀ 25 mm, ìta ẹ̀ 52 mm, nínípọn ẹ̀ 15 mm, ì báà jẹ́ Ṣáínà ló ṣe é, ì báà jẹ́ Jàpáànù. Ohun tí irin yẹn jẹ́ nígbà tó wà ní tuntun lẹ̀ ń wá, kì í ṣe ohun tí ìlò ti sọ ọ́ dà. Ṣáfítì náà ńkọ́? Bákan náà ni, tẹ́ ẹ bá wọ̀n ọ́n tó pe 24.8, ṣáfítì ló ti jẹ, 25 lẹ máa kọ.

Kẹ́ ẹ tún wo unit kẹ́ ẹ tó fa ìlà kankan, torí ínṣì kan jẹ́ 25.4 mm, ẹni tó bá ń tẹ mm sínú fáìlì ínṣì á ya ilé bearing tó tó ilé gan-an. Èyí tó tún sún mọ́ ọn ni radius (láti àárín dé etí) àti diameter (láti etí dé etí): tẹ́ ẹ bá tẹ 52 síbi tó ń bèèrè radius, ihò yín ti di 104 nìyẹn.

Tó bá kan sketch, àwòrán pẹlẹbẹ tí irin á ti jáde, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ pọ̀ sí. Àwọn kan á kàn ya róbótó wọn síbi tó bá wù wọ́n lójú bébà, wọn ò ní wo origin (ojú òdo tí gbogbo ìwọ̀n ti bẹ̀rẹ̀) rárá, nígbà tó bá wá kan kí wọ́n pín ihò mẹ́rin yí i ká, wọ́n á máa wá àárín kiri. Ẹ fi àárín irin yín sórí origin, ẹ ti sinmi. Àwọn mìíràn á kó gbogbo ẹ̀ sínú sketch kan ṣoṣo, róbótó ńlá, róbótó kékeré, ihò bóòtù, igun tí wọ́n ti rẹ́, gbogbo ẹ̀ pátá, ó di ọgbọ̀n ìlà lójú kan, tí ọ̀kan bá ṣẹ̀ wọn ò ní mọ èwo. Ohun tí mo fẹ́ràn jù fún irin róbótó bí èyí ni kẹ́ ẹ gé e sí méjì lójú inú yín, kẹ́ ẹ ya ìdajì ojú ibi tó gé yẹn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà àárín, kẹ́ ẹ wá fi Revolve yí i po. Ìgbésẹ̀ kan, ìsàlẹ̀, ọrùn, ìjókòó bearing, ihò ṣáfítì, gbogbo ẹ̀ jáde lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ̀rọ lathe náà sì nìyẹn, irin ló ń yí tí ọ̀bẹ ń gbẹ́ ẹ. Ihò bóòtù, ẹyọ kan ṣoṣo lẹ máa yà lẹ́yìn ìyẹn, Polar Pattern á sọ ọ́ di mẹ́rin. Ẹni tó fọwọ́ ya mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ́kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n bá ní kó sọ ọ́ di mẹ́fà lọ́la, á jókòó pẹ́.

Ẹ má kúrò nínú sketch tí ò tíì dúró. Ní sọ́fíwìà FreeCAD, tí constraint (òfin tó ń de ìlà mọ́ àyè ẹ̀ àti gígùn ẹ̀) bá ti pé, ìlà á di àwọ̀ ewé, ní SolidWorks á kúrò ní búlúù á di dúdú. Tẹ́ ò bá gba àwọ̀ gbọ́, ẹ fi mouse fa igun kan, tó bá rìn, iṣẹ́ ṣì kù. Àmọ́ kì í ṣe kẹ́ ẹ máa rọ nọ́ńbà sí gbogbo ìlà o, àwọn kan ń ṣe bẹ́ẹ̀ títí sọ́fíwìà á fi bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo pupa pé constraint ń bá ara wọn jà. Tí ìlà méjì bá gbọ́dọ̀ gùn bákan náà, ẹ sọ fún un pé wọ́n dọ́gba, nọ́ńbà kan ti tó. Tí Revolve bá wá kọ̀ jálẹ̀ pé òun ò ṣe, ẹ sún mọ́ àwọn igun dáadáa, ìlà méjì á wà tó jọ pé wọ́n pàdé tí wọn ò kanra, tàbí ìlà kan tó sùn sórí èkejì látìgbà tẹ́ ẹ ti tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì láìmọ̀.

Ó wá kan ohun tí fídíò kì í sọ. Ká ní ìsàlẹ̀ irin yín fẹ̀ ní 110 mm, ọrùn ẹ̀ 70 mm, ẹ wá to ihò bóòtù M8 (bóòtù tó nípọn ní 8 mm) sórí róbótó tó jẹ́ 85 mm. Ihò tí bóòtù M8 máa ń gbà kọjá jẹ́ 9 mm. Lójú kọ̀ǹpútà ó rẹwà, ihò jìnnà sí ọrùn ní 3 mm, kò sóhun tó pupa, kò sóhun tó pariwo. Ẹ ṣírò ẹ̀ báyìí: àárín ihò wà ní 42.5 sí àárín irin, ọrùn parí sí 35, 7.5 ló kù láàárín wọn. Wáṣà M8 fẹ̀ ní 16, ìdajì ẹ̀ 8. Wáṣà ò ní jókòó! Tẹ́ ẹ bá tiẹ̀ ju wáṣà sígbó, orí bóòtù M8 jẹ́ 13 láti ojú dé ojú, igun ẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ha ọrùn, sípánà ò ní ráàyè wọlé, ẹni tó fẹ́ dè é á dúró ti ẹ̀rọ ata lọ́sàn-án gangan, á máa ṣépè fún ẹni tó yà á. Tẹ́ ẹ bá sọ ìsàlẹ̀ di 120, tẹ́ ẹ gbé bóòtù lọ sórí 95, àyè máa wà ní 12.5 sí ọrùn, 12.5 sí etí. Nítorí náà, tẹ́ ẹ bá ya ihò, ẹ ya bóòtù pẹ̀lú wáṣà ẹ̀, kẹ́ ẹ gbé e síbẹ̀, kẹ́ ẹ tún bi ara yín pé sípánà ńkọ́.

Fillet náà, ìyẹn rírẹ́ igun kó di róbótó, ẹ rọra. Ó wọ́pọ̀ kí ọmọ tó ń kọ́ iṣẹ́ rí bọ́tìnnì Fillet kó wá rẹ́ gbogbo igun tó bá rí, torí ó ń dùn ún wò. Ìsàlẹ̀ ibi tí bearing máa jókòó sí, ẹnì kan á fi fillet 3 mm síbẹ̀. Bearing 6205 ní tiẹ̀ lára, igun ẹ̀ ti rẹ́, àmọ́ nǹkan bí 1 mm ni, tí fillet tiyín bá jù ú lọ, bearing á gun orí fillet yẹn, kò ní kan ìdí ihò, á dúró wọ́gọwọ̀gọ. Kẹ́ ẹ fi í sí 1 mm kó má sì jù bẹ́ẹ̀ lọ, tàbí kẹ́ ẹ ní kí oní-lathe gbẹ́ igun náà wọnú díẹ̀. Etí ìta ńkọ́, ẹ rẹ́ ẹ bó ṣe wù yín, kó má gé èèyàn lọ́wọ́.

Gbogbo fillet àti chamfer (gígé igun ní ìdagẹ̀rẹ̀), ìgbẹ̀yìn ni kẹ́ ẹ fi wọ́n sí. Ìdí ẹ̀ rèé: sọ́fíwìà ń fún ojú irin àti etí ẹ̀ lórúkọ lábẹ́lẹ̀, Face6, Edge14, báyẹn báyẹn. Tẹ́ ẹ bá ti lẹ nǹkan mọ́ Face6, tẹ́ ẹ wá padà sísàlẹ̀ lọ fi nǹkan kún un, ó lè tún orúkọ pín, Face6 á di ojú mìíràn, ihò bóòtù yín á fò lọ sí ẹ̀gbẹ́ irin, ẹ ó máa wò ó bí ẹni tí wọ́n jí nǹkan ẹ̀ gbé. Àwọn tó lo FreeCAD àtijọ́ jẹ ìyà yìí dáadáa. Version 1.0 tó jáde ní November 2024 ti dín in kù gan-an, àmọ́ kò pa á rẹ́ tán. Plane (ojú pẹlẹbẹ tẹ́ ẹ ń yàwòrán lé) XY, XZ, YZ tó ti wà níbẹ̀ látilẹ̀ ni kẹ́ ẹ máa lẹ sketch mọ́, tàbí datum plane tẹ́ ẹ fi nọ́ńbà gbé kalẹ̀, ìyẹn kì í yí orúkọ.

Ẹ wá dán an wò báyìí kẹ́ ẹ tó sọ pé ó ti tán. Ẹ pààrọ̀ bearing sí 6206: ìta ẹ̀ 62, nínípọn ẹ̀ 16, ṣáfítì di 30. Ẹ yí 52 sí 62. Ihò á tóbi, àmọ́ ọrùn ṣì wà ní 70, irin tó kù yíká bearing á di 4 mm, ó ti fẹ́lẹ́ jù fún ẹ̀rọ tó ń gbọ̀n bíi ti ata. Tó bá jẹ́ pé ẹ ti kọ ọ́ látilẹ̀ pé ọrùn jẹ́ ìta bearing pẹ̀lú 18, ọrùn á sún fúnra ẹ̀ lọ sí 80, tẹ́ ẹ bá sì so róbótó bóòtù mọ́ ọrùn pẹ̀lú 25, òun náà á sún, ìsàlẹ̀ tẹ́ ẹ bá so mọ́ ọn á tẹ̀ lé e. Spreadsheet wà nínú FreeCAD fún irú ẹ̀, Equations wà nínú SolidWorks. Ẹ fún nọ́ńbà lórúkọ tó yé èèyàn, kì í ṣe "a1" àti "d_tuntun_2".

Tó bá wá kan bébà tẹ́ ẹ máa gbé lọ, ẹ gbọ́ ohun tí bàbá oní-lathe kan sọ fún ọmọ kan tó mú bébà wá tó kọ 52 sí gedegbe.

"52 wo? Èyí tí bearing máa wọ̀ gírí, àbí èyí tó máa já bọ́ síbẹ̀ fúnra ẹ̀?"

"Bàbá, 52 ni kọ̀ǹpútà gbé jáde."

"Kọ̀ǹpútà kọ́ ló máa sanwó irin o, ọmọ mi."

Tẹ́ ẹ bá kọ H7 sẹ́gbẹ̀ẹ́ 52, ohun tẹ́ ẹ sọ ni pé ihò gbọ́dọ̀ wà láàárín 52.000 sí 52.030, kò gbọ́dọ̀ kéré sí 52. Ibi ìjókòó bearing ló nílò ìyẹn. Ẹ má fi H7 sí ìta irin àti ihò bóòtù, ẹ kàn ń sọ owó iṣẹ́ di gọbọi ni. Kẹ́ ẹ sì mú bearing náà dání lọ, kí bàbá fi dán an wò lórí ẹ̀rọ kó tó yọ irin kúrò, ó dáa ju àlàyé lọ. Ẹ má fi "fit to page" tẹ bébà tẹ́ ẹ bá ti kọ scale 1:1 sí i, torí ẹlòmíì á gbé rúlà lé e. Kẹ́ ẹ fi àmì first angle tàbí third angle (ọ̀nà méjì tí wọ́n ń gbà to àwọn ojú irin sórí bébà) síbẹ̀, kí wọ́n má baà gbẹ́ ihò sí ẹ̀gbẹ́ òdìkejì.

Ti fáìlì ò gùn. Irú fáìlì tó ń jẹ́ STL ò mọ mm yàtọ̀ sí ínṣì, nọ́ńbà lásán ló wà nínú ẹ̀, ẹ lò ó fún 3D printer, ẹni tó bá fẹ́ ṣe àtúnṣe ẹ fi STEP ránṣẹ́ sí i. Fáìlì tẹ́ ẹ fi SolidWorks tuntun ṣe, ti àtijọ́ lè má lè ṣí i, ẹ bèèrè kẹ́ ẹ tó fi dátà sòfò. Sọ́fíwìà olówó tí wọ́n fọ́ (crack) sínú flash tó ń káàkiri yẹn, fáírọ́ọ̀sì ló pọ̀ níbẹ̀, FreeCAD sì wà lọ́fẹ̀ẹ́. Òṣogbo yìí ni National Control Centre tó ń darí iná gbogbo Nàìjíríà wà, síbẹ̀ ẹ mọ bí iná ṣe ń ṣe ládùúgbò yín, nítorí náà ẹ tan autosave, kẹ́ ẹ fi í sí ìṣẹ́jú márùn-ún, kẹ́ ẹ sì máa tẹ Ctrl+S kẹ́ ẹ tó tẹ Fillet.