Rẹ́jísítà tó fẹ́ gba sùúrù lọ́wọ́ mi: bí mo ṣe kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ní ìtàn iṣẹ́ wa

Owó ìwé yẹn ṣì ń ká mi lára títí di òní. London ni mo ti rà á, ìwé ìtàn ìṣègùn gbàǹgbà kan báyìí. Iye tí mo san fún ẹni tó bá mi gbé e wálé àti fún àwọn aṣọ́bodè ju iye ìwé fúnra rẹ̀ lọ. Nígbà tí mo ṣí i, mo bá Hippocrates, Galen, Vesalius ní 1543, Harvey ní 1628, Jenner ní 1796, Fleming ní 1928. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà lórí àwọn wọ̀nyí, ó yẹ kí dókítà mọ̀ wọ́n. Ṣùgbọ́n nínú ìwé tó tóbi tó bẹ́ẹ̀, Áfíríkà kò ju ibi tí ẹ̀fọn ti ń jẹ òyìnbó lọ. Kò sí dókítà ilẹ̀ wa kan ṣoṣo níbẹ̀. Kí ni kí n wá fi í kọ́ ọmọ tí yóò ṣiṣẹ́ ní wọ́ọ̀dù Abẹ́òkúta tàbí Òṣogbo?

Wákàtí kan lọ́sẹ̀ ni wọ́n fún mi, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, fún àwọn ọmọ ọdún kẹrin, láìsí máàkì kankan. Bí mo ṣe kọ ètò ẹ̀kọ́ náà àti bí wọ́n ṣe fọwọ́ sí i, ẹni tó bá ti ṣe olùkọ́ rí mọ ìyẹn. Ọ̀rọ̀ rẹ́jísítà, ìwé tí wọ́n ń kọ àwọn aláìsàn wọ́ọ̀dù sí, ni mo fẹ́ sọ.

Mo fẹ́ rẹ́jísítà wọ́ọ̀dù ọmọdé láti ayé àwọn òyìnbó amúnisìn, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi ojú ara wọn rí ohun tó ń pa ọmọ nígbà náà. Mo mọ ilé ìwòsàn tó ní i, mo sì kọ lẹ́tà sí wọn. Wọ́n ní ọ̀nà tí mo gbé e gbà kọ́ ni lẹ́tà ń gbà wọlé. Mo tún un kọ. Wọ́n ní ìwádìí ni, kí n lọ sọ́dọ̀ ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ẹ̀tọ́ aláìsàn. Mo ní kì í ṣe ìwádìí, mo fẹ́ fi kọ́ ọmọ ni. Ìgbìmọ̀ ní bí kì í bá ṣe ìwádìí, kò kan àwọn, kí n padà sí ọ́fíìsì àkọsílẹ̀. Ọ́fíìsì àkọsílẹ̀ ní àwọn ò lè ṣílẹ̀kùn láìrí ìwé ìgbìmọ̀.

"Ẹ má bínú, Dókítà mà, ẹ padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀." Ohun tí akọ̀wé ibẹ̀ ń wí nìyẹn ní gbogbo ìgbà, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Bó ṣe ń bọ̀wọ̀ fún mi tó yẹn gan-an ló ń bí mi nínú, torí mi ò rí ẹni tí mo lè bá fa ọ̀rọ̀. Nígbà tí ìwé ìgbìmọ̀ wá jáde, ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ ti lọ líìfù. Nínú gbogbo ohun tí wọ́n bèèrè, ẹyọ kan ni mo fara mọ́ tọkàntọkàn: kí n bo orúkọ àwọn aláìsàn. Ìyẹn tọ́, àwọn ẹbí wọn ṣì wà láyé.

A ṣí yàrá náà nígbẹ̀yìn. Òrùlé ti jò, ikán ti jẹ pẹpẹ, àwọn ìwé tó ṣáájú 1950 kò sì sí mọ́. Wọ́n ní àwọn kó wọn dànù nígbà tí wọ́n ń kun ilé. Ara mi gbóná. Èmi tí mo fẹ́ kà á, mo ní láti gba òǹtẹ̀ kiri. Àwọn tó kó ìyókù lọ sórí ààtàn, òǹtẹ̀ ta ni wọ́n gbà?

Mo rí ọ̀kan tó ṣì ṣeé kà, ti àárín ọdún 1950 sí 1960. Mo ya àwòrán ojú ewé rẹ̀, mo bo orúkọ, mo gbé e síwájú kíláàsì. Eéyi, gìrì, ibà, eéyi, eéyi. Ọmọ kan nàwọ́: "Mà, kí ló dé tí wọn ò gún wọn lábẹ́rẹ́ àjẹsára?" Mo ní kó wo déètì. Abẹ́rẹ́ eéyi kò tíì sí níbì kankan láyé. 1963 ni Amẹ́ríkà kọ́kọ́ fọwọ́ sí i. Ó tún ojú ewé náà kà láti òkè. Láti ọjọ́ náà, wọn kì í sá kúrò ní kíláàsì mi mọ́, orí mi sì ń wú.

Nígbà tó kan ilẹ̀ gbígbóná, mi ò bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ Jenner, òyìnbó tó ṣe abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ Onesimus, ọmọ Áfíríkà tí wọ́n mú lẹ́rú dé Boston, tó ṣàlàyé fún Cotton Mather, pásítọ̀ tó fi í ṣẹrú, bí wọ́n ṣe fi oje egbò sín in ní gbẹ́rẹ́ nílé kí àrùn náà má baà pa á. Nígbà tó jà ní Boston ní 1721, dókítà ibẹ̀ kan, Zabdiel Boylston, dán an wò, ọdún 75 ṣáájú Jenner. Lẹ́yìn náà ni Oguntola Sapara, ọmọ Ìjẹ̀ṣà tí wọ́n bí ní Freetown ní 1861, dókítà tó yọ́ wọ ẹgbẹ́ awo Ṣọ̀pọ̀ná. Ó ròyìn pé àwọn aláwo kan ń fi èépá egbò ran àrùn náà, ìjọba amúnisìn sì fòfin de ìsìn ọ̀hún. Ṣé ó tọ́ kí dókítà fi irọ́ wọlé? Àwọn tó ń sin òrìṣà láìṣẹ̀ ńkọ́? Wákàtí wa tán, àwọn ọmọ ṣì ń jiyàn.

Nọ́ọ̀sì àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì wá sọ bí àwọn èèyàn ṣe ń gbé aláìsàn pamọ́ sí oko torí ìbẹ̀rù ilé ìyàsọ́tọ̀. "Màmá, báwo lẹ ṣe wá ń rí wọn?" Màmá ní àwọn ọmọdé ló ń sọ fún àwọn. Èyí ni mo fi wọ ọ̀rọ̀ William Foege, dókítà ará Amẹ́ríkà, ní Ògójà, Oṣù Kejìlá 1966: abẹ́rẹ́ kò tó, wọ́n fi rédíò àwọn míṣọ́nnárì wádìí ibi tí àrùn wà, wọ́n sì gún àwọn tó yí aláìsàn ká dípò gbogbo ìlú. Ní 1970, ilẹ̀ gbígbóná kúrò ní Nàìjíríà. Ní 1980, wọ́n kéde pé ó ti tán láyé.

Ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn Yaba ti 1930 ló tún mú wọn gbóná jù, torí pé ìwé ẹ̀rí ibẹ̀ kò wúlò kọjá Nàìjíríà. Ọmọ tó ń múra àtilọ sí Ìlú Ọba kò nílò kí n ṣàlàyé ìyẹn fún un.

Ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú rẹ̀, kó má ra ìwé tí mo rà. Kó wá ìwé tí Adelola Adeloye, oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ n'Ìbàdàn, kọ ní 1985 lórí àwọn dókítà wa àkọ́kọ́ lọ sí láíbìrì. Kó gba ìwé ìgbìmọ̀ kó tó kọ ètò ẹ̀kọ́ rárá, kó sì jà fún máàkì. Èmi ti gba márùn-ún fún ọdún tó ń bọ̀. Mo sì ti kọ lẹ́tà mìíràn sí ilé ìwòsàn náà pé kí wọ́n jẹ́ ká ya àwòrán gbogbo rẹ́jísítà tó kù kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Wọn ò tíì dá mi lóhùn.